Ẹṣin Onígi Inú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n, Bí A Ṣe Ń Yẹra fún Un, àti Bí A Ṣe Ń Lé E Jáde

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti èlé orí owó yíyá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti pípín èrè ọdún. Ọ̀rọ̀ olè ni. Ṣùgbọ́n olè tí a ń wí yìí kì í fọ́ ilẹ̀kùn, kì í gbé ìbọn, kì í sì í dúró de òru kí ó tó jalè. Inú kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé, àwa fúnra wa ni a sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ṣòro láti rí. Láyé àtijọ́, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni akọ̀wé ń kọ owó ọmọ ẹgbẹ́ sí, inú àpótí irin ni akápò sì ń tì í mọ́. Lónìí, bí a ti ń lọ káàkiri láti yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, a ń rí i pé ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti kó àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́, owó ìpín àti owó yíyá sínú kọ̀ǹpútà tí ó wà ní pálọ̀ ilé wọn. Kọ̀ǹpútà kan náà ni àwọn ọmọ fi ń ṣeré, òun ni ará ilé fi ń wo fíìmù, òun náà ni wọ́n fi ń wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ ní báǹkì. Iṣẹ́ rọrùn lóòótọ́, ìṣirò sì ń yá ju ti àtijọ́ lọ. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ibi tí owó bá wà ni olè ń wá.

ORÚKỌ RẸ̀ ÀTI ÌTUMỌ̀ RẸ̀

Trojan ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe olè yìí. Inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Gíríìsì dó ti ìlú Troy fún ọdún mẹ́wàá, wọn kò sì rí odi rẹ̀ wọ̀. Nígbà tí agbára kò ràn án mọ́, wọ́n fi igi kan ẹṣin ràbàtà kan, àwọn akọni sá pamọ́ sínú rẹ̀, àwọn yòókù sì ṣe bí ẹni pé wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé. Àwọn ará Troy rò pé ẹ̀bùn ni. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa ẹṣin náà wọ inú odi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jáde, wọ́n ṣí ẹnubodè fún àwọn ẹgbẹ́ wọn, ìlú sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Àwa Yorùbá náà ní ìtàn tí ó fara jọ ọ́. Àwọn ará Ugbò ni ó mú Mọremí lẹ́rú lọ sí ilé ara wọn, wọ́n sọ ọ́ di ìyàwó ọba, kò sì pẹ́ tí ó fi mọ àṣírí ẹ̀wù ìko tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba Ilé-Ifẹ̀. Akọni ni Mọremí lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n lójú ará Ugbò, ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé wọlé ni ó tú wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni trojan. Ó jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí ó wọ aṣọ ohun rere. Ó lè pe ara rẹ̀ ní ìwé ìsanwó, eré ọmọdé, orin tuntun, tàbí oògùn tí ń pa fáírọ́ọ̀sì pàápàá. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ohun tí ó ṣèlérí lè hàn lójú wa, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì a máa ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ fáìlì mìíràn, bí ìgbà tí ọ̀bọ́ọ̀rẹ́ àrùn ń ràn láti ara ewúrẹ́ kan dé òmíràn. Trojan kì í dá tàn kálẹ̀. Ó ń dúró de ẹni tí yóò gbà á wọlé. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ó fi hàn wá pé ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀.

KÌ Í ṢE ÒNÍ NI Ó BẸ̀RẸ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tí ì dé ilé ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa, ẹnìkan fi nǹkan bí 20,000 díìsìkì ránṣẹ́ nínú lẹ́tà sí àwọn ènìyàn káàkiri ayé. Lára àwọn tí ó rí i gbà ni àwọn tí wọ́n ti lọ sí ìpàdé àgbáyé lórí àrùn éèdì. Wọ́n kọ ọ́ sí ara díìsìkì náà pé ìmọ̀ nípa àrùn éèdì ni ó wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ètò kan ń ka iye ìgbà tí a tan kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó bá pé ìgbà 90, yóò da orúkọ àwọn fáìlì rú, yóò sì kọ ìwé sójú kọ̀ǹpútà pé kí onílé fi 189 dọ́là ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Panama.

Joseph Popp, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n mú lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé tó láti jẹ́jọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ṣe ètò tí ó tún àwọn fáìlì náà tò, láìsan kọ́bọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ìtàn yìí: ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù, tí ó sì fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, ni gbájú-ẹ̀ fi ṣe ìjẹ. Títí di òní yìí, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò.

IṢẸ́ TÍ Ó Ń ṢE NÍNÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

Oríṣiríṣi ni trojan, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ síra. A ó mẹ́nu ba mẹ́rin tí ó kan ẹgbẹ́ wa jù.

Èkíní ni amí. Ó ń kọ gbogbo bọ́tìnì tí a bá tẹ̀ sílẹ̀, títí kan pásíwọ́ọ̀dù báǹkì, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Agent Tesla jẹ́ ọ̀kan nínú irú èyí. Ní ọdún 2022, àjọ EFCC àti INTERPOL kéde pé wọ́n mú ọkùnrin mẹ́ta ní Nàìjíríà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń fi Agent Tesla jí ọ̀nà ìwọlé àwọn ilé-iṣẹ́, kí wọ́n lè yí owó padà sí ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Èkejì ni èyí tí ń fún àlejò ní agbára láti darí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn. Ó lè ṣí fáìlì, ó lè wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sì lè tan kámẹ́rà.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ń ti fáìlì pa, tí yóò sì ní kí a wá san owó ìtúsílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni asínà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣílẹ̀kùn fún àwọn mìíràn. Emotet ni ó lókìkí jù nínú wọn. Ọdún 2014 ni ó yọjú, inú ìwé tí a so mọ́ ímeèlì ni ó sì ń gbà wọlé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn agbófinró orílẹ̀-èdè mẹ́jọ parapọ̀ láti gba ẹ̀rọ tí ó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Síbẹ̀, kí ọdún náà tó parí, ó tún ti yọjú. Ẹni tí ó bá ń retí pé ọlọ́pàá nìkan ni yóò gba òun, yóò pẹ́ níbẹ̀.

ILẸ̀KÙN TÍ Ó Ń GBÀ WỌLÉ

Ilẹ̀kùn kìíní ni ímeèlì àti iṣẹ́ tí a fi ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọn yóò ní báǹkì ti ti àkáǹtì yín, tàbí pé owó kan wọlé, pé kí ẹ yára ṣí ìwé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "yára" yẹn gan-an ni kí ẹ fi mọ̀ wọ́n.

Ilẹ̀kùn kejì ni ètò olówó tí wọ́n já àgádágodo rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní crack. Ẹni tí ó ṣe é sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ pa ètò ààbò kọ̀ǹpútà. Ẹ rò ó wò ná: bí àlejò bá ní kí a so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, kí ni ó ń bẹ̀rù?

Ilẹ̀kùn kẹta ni àwòrán tí ń ṣàdédé yọ lójú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, kí a tẹ ibí, tàbí kí a pe nọ́ńbà kan. Kò sí ilé-iṣẹ́ gidi tí ń kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn kẹrin ni fíláàṣì tí ó ti rìn láti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé dé ilé ẹ̀kọ́, láti ilé ẹ̀kọ́ dé ọ́fíìsì, tí a kò sì mọ ohun tí ó gbé bọ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìparí orúkọ fáìlì ni ó ń sọ irú ohun tí ó jẹ́. Fáìlì tí ó bá parí sí .exe kì í ṣe ìwé, ètò tí yóò ṣiṣẹ́ ni. Wọn a máa sọ ọ́ ní "ìwé-owó.pdf.exe". Windows sì máa ń fi ìparí orúkọ pamọ́ bí a kò bá sọ fún un pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ".pdf" nìkan ni ẹni tí ó ń wò ó yóò rí. Ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, ẹ tẹ Show, kí ẹ sì mú File name extensions. Láti ìgbà náà lọ, ẹ óò máa rí ìrù ejò náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ẸGBẸ́ KAN

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà tí a kò ní dárúkọ. Kọ̀ǹpútà ilé akọ̀wé ni gbogbo àkọsílẹ̀ wọn wà. Ọmọ rẹ̀ gba eré olówó kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó pa ètò ààbò bí wọ́n ti ní kí ó ṣe, ó sì ṣeré rẹ̀ tẹ́rùn. Ní ọjọ́ kẹta, ìwé owó yíyá kò ṣí mọ́. Ìwé kan ṣoṣo ni ó kù lójú kọ̀ǹpútà, tí ó ń béèrè owó.

Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà kan náà ni wọ́n gbé e sí, ó sì bá a lọ. Ohun tí ó gba ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni pásíbúùkù ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. A kó wọn jọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n tún ìwé kọ láti orí ẹnìkan dé ẹnìkejì, a ń fi wé ìwé àkáǹtì tí báǹkì fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà.

Ìyá kan wà láàárín wọn tí ń ta ẹ̀fọ́. Ó ní òun ti san owó yíyá òun tán, ṣùgbọ́n pásíbúùkù rẹ̀ ti sọnù. Ẹnìkan nínú àwọn onídùúró rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fapá jánú, nítorí ó rò pé òun ni yóò san án. Tẹ́là tí akápò fi san owó sí báǹkì ni a wá rí, tí iye àti ọjọ́ rẹ̀ bá ohun tí ìyá náà wí mu. Bí kò bá sí bébà kékeré yẹn, ẹni tí ó jẹ́ olóòótọ́ ì bá di onígbèsè, ọ̀rẹ́ méjì ì bá sì di ọ̀tá. Èyí ni ó jẹ́ kí a máa sọ pé ọ̀rọ̀ trojan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó ń jí, ìgbẹ́kẹ̀lé sì ni ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ wa.

BÍ A ṢE LÈ YẸRA FÚN UN

1. Ẹ má ṣe ṣí ìwé tí ẹ kò retí, kódà bí orúkọ ẹni tí ẹ mọ̀ bá wà lórí rẹ̀. Ẹ fi fóònù pe onítọ̀hún, lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ bi í bóyá òun ni ó fi ránṣẹ́.

2. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe ètò gan-an ni kí ẹ ti máa gbà á. Bí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ wá èyí tí a fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́nà ẹ̀tọ́. LibreOffice lè ṣe ìṣirò àti ìwé kíkọ ẹgbẹ́ láìgba kọ́bọ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gba àtúnṣe rẹ̀ déédéé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10 gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ṣì ń lò ó, tí a kò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àfikún àkókò, kì í rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́. Kí a má ṣe fi irú rẹ̀ wọ àkáǹtì báǹkì.

4. Ẹ má ṣe pa ètò ààbò tí ó bá Windows wá, èyí tí ń jẹ́ Microsoft Defender. Ó tó fún ilé, bí a bá jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́.

5. Ẹ ṣe àkáǹtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà. Kí ti àwọn ọmọ jẹ́ èyí tí kò lè fi ètò tuntun sínú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé àgbà fi pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i. Bí agbára ẹgbẹ́ bá gbé e, kí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ dá dúró.

6. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú díìsìkì tí a ń yọ kúrò lára ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀kan ní ibòmíràn tí kì í ṣe ilé kan náà. Ẹ̀dà tí a kò yọ kúrò lára ẹ̀rọ kò yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́ tí a gbé sórí àpótí.

7. Ẹ lo ìjẹ́rìísí ìgbésẹ̀ méjì fún ímeèlì àti báǹkì, kí ẹ má sì ṣe sọ nọ́ńbà OTP fún ẹnikẹ́ni.

8. Ẹ má ṣe jáwọ́ nínú pásíbúùkù. Kí ó máa jẹ́ kíkọ, kí ó sì máa gba ìbuwọ́lù, bí ó ti wù kí kọ̀ǹpútà dára tó.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N

Kọ̀ǹpútà lè máa falẹ̀ láìnídìí. Ètò tí a kò mọ̀ lè yọjú. Ètò ààbò lè pa ara rẹ̀, kí ó sì kọ̀ láti tàn. Dátà lè máa tán kíákíá. Àwọn ọ̀rẹ́ lè máa sọ pé àwọn rí ímeèlì tí a kò fi ránṣẹ́. Báǹkì lè fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ pé ẹnìkan fẹ́ wọlé. Ìkan nínú èyí nìkan lè má jẹ́ trojan, nítorí ẹ̀rọ tí ó ti gbó náà a máa falẹ̀. Bákan náà, trojan amí lè wà níbẹ̀ kí ó má fi àmì kankan hàn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa yẹ ẹ̀rọ wò lóòrèkóòrè, bí a ti ń yẹ ìwé owó wò.

BÍ A ṢE Ń LÉ E JÁDE

Bí ifura bá ti wà, ẹ tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé.

Èkíní, ẹ já kọ̀ǹpútà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì yọ fíláàṣì àti díìsìkì tí ó wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ pásíwọ́ọ̀dù kankan sínú rẹ̀ mọ́.

Èkejì, ẹ lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó mọ́. Ẹ kọ́kọ́ pe báǹkì kí wọ́n lè dá àkáǹtì dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì, kí ẹ tó pààrọ̀ ti báǹkì àti àwọn yòókù. Ímeèlì ni ó ṣíwájú nítorí pé òun ni wọ́n fi ń gba pásíwọ́ọ̀dù tuntun fún gbogbo ìyókù. Bí ẹ bá ṣe èyí lórí kọ̀ǹpútà tí ó lárùn, amí yóò kàn rí ti tuntun kọ sílẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣí Windows Security, ẹ tẹ Virus & threat protection, kí ẹ sì tẹ Scan options. Ẹ mú Full scan, kí ẹ jẹ́ kí ó parí bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ mú Microsoft Defender Offline scan. Èyí yóò pa kọ̀ǹpútà, yóò tún un tàn, yóò sì wá olè náà kí Windows tó jí, nígbà tí olè náà kò lè sá pamọ́. Bí Defender kò bá ti gba àtúnṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó gbà á, kí ẹ sì tún já a.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yọ ètò tí ó gbé e wọlé kúrò. Ẹ wo àkójọ ètò tí ó wà nínú ẹ̀rọ àti àwọn àfikún tí ó wà lára ètò tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ wádìí rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà náà ni ẹ fi ń wọ àkáǹtì ẹgbẹ́, a kò gbà yín nímọ̀ràn láti dúró síbi àyẹ̀wò nìkan. Ẹ kó àwọn ìwé yín jáde, kì í ṣe àwọn ètò, kí ẹ nu gbogbo inú ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi Windows tuntun sí i. Bí ó bá jẹ́ oníṣẹ́ ni yóò ṣe é, ẹ rí i dájú pé Windows gidi ni ó ń lò, kí ó má lọ jẹ́ pé ẹṣin mìíràn ni ó tún ń fà wọlé.

Ẹ̀kẹfà, ẹ̀dà tí a ṣe kí àrùn tó dé ni kí ẹ dá padà sínú rẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀dà náà wò kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì fi iye tí ó wà nínú rẹ̀ wé pásíbúùkù àti ìwé báǹkì.

Bí ó bá jẹ́ pé fáìlì ni wọ́n tì pa, ẹ má ṣe sáré sanwó. Ẹni tí ó sanwó lè má rí nǹkan kan gbà, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà lórí àkójọ àwọn tí ń sanwó. Láti ọdún 2016, Europol, ọlọ́pàá ilẹ̀ Netherlands àti àwọn ilé-iṣẹ́ ààbò ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí ń jẹ́ No More Ransom, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ wà fún ọ̀pọ̀ irú trojan bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibẹ̀ ná. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí lónìí, ẹ tọ́jú àwọn fáìlì náà, nítorí ó lè jáde lọ́la.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN ÌGBÌMỌ̀

Ohun kan kù tí ó ń jẹ wá lọ́kàn. Akọ̀wé tí trojan bá wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ sábà máa ń fi í pamọ́ nítorí ìtìjú, tàbí nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè é lólè. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi dákẹ́ ni gbájú-ẹ̀ fi ń kó owó lọ. A rọ gbogbo ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n pinnu ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀ pé ẹni tí ó bá tètè sọ kò ní jìyà nítorí pé ó sọ. Kí wọ́n kọ ìpinnu náà sínú ìwé ìpàdé. Kí wọ́n sì tún pinnu pé ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo kò ní tó láti gbé owó jáde ní báǹkì. Kí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan, kí ẹnìkejì fọwọ́ sí i lórí ẹ̀rọ mìíràn. Bí trojan bá wà nínú ọ̀kan, kò lè dá a ṣe.

Bí a bá tún wá yẹ ìwé yín wò, ìbéèrè mẹ́ta ni a óò kọ́kọ́ bi yín: níbo ni ẹ̀dà ìwé yín wà, ìgbà wo ni ẹ ṣe é kẹ́yìn, ta ni ó ti dán an wò pé ó ń ṣí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dúró dè wá kí ẹ tó wá ìdáhùn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.